Oníṣẹ́ ère gíláàsì, oòrùn ni kó kọ́kọ́ bá dòwò pọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi ère gíláàsì aláràbarà pawó l'Ékòó, oòrùn ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀, kó tó lọ ra gíláàsì. Inú ìwé àwọn òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ti ń wo àwòrán tí wọ́n ń gé, bẹ́ẹ̀ oòrùn ìlú òyìnbó kọ́ ló ń ràn nílẹ̀ yìí. Lọ́hùn-ún, pàápàá nígbà òtútù, oòrùn kì í ga, ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń wọlé látàárọ̀ dalẹ́. L'Ékòó ńkọ́? Tó bá fi máa dọ̀sán, orí òrùlé ló ti wà, ìwọ̀nba ni yóò gba ojú fèrèsé wọlé. Ère tí wọ́n bá gbé kọ́ síbi tí kò yẹ, á kàn dúdú síbẹ̀ bí ìgò ọtí ni, oníbàárà á sì ní wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Ojú fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn lowó wà. Láàárín aago 7 sí 9 àárọ̀, àti láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ lọ, oòrùn máa ń gba inú gíláàsì kọjá, àwọ̀ pupa àti búlúù á sì máa rìn lára ògiri díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ kọ́tìnnì lè dí i, ògiri ọgbà aládùúgbò náà lè dí i. Ẹni tó bá lọ wo ilé oníbàárà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó tó gé nǹkan kan, kó gbowó ìyẹn lọ́tọ̀, kó má tijú rárá. Ẹnikẹ́ni ló lè ra gíláàsì aláwọ̀, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń yí i létí àti òjé tí wọ́n ń yọ́ lé e. Ojú tó mọ ìmọ́lẹ̀ ni kò sí lọ́jà.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ òyìnbó ni. Irọ́ ni o! Wọ́n ti ń ṣe gíláàsì fún ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun n'Ílé-Ifẹ̀ kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Olóògbé Yusuf Grillo, tó kú lọ́dún 2021, tó sì ṣolórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún ohun tó lé ní ọdún 20, Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Èkó gbéṣẹ́ fèrèsé gíláàsì aláràbarà fún un.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí lónìí kò gbọ́dọ̀ dúró de ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Báńkì àti òtẹ́ẹ̀lì ní gbọ̀ngàn tó ga. Kí wọ́n ṣe ère kékeré kan, kí wọ́n gbé e kọ́ sójú fèrèsé ọ̀gá ibẹ̀ ní aago 8 àárọ̀, kí wọ́n tó dárúkọ iye tí wọ́n máa gbà.