Ẹ Fi Owó Lé E ní Gbangba, Ẹ Má Ṣe Bù Ú Kù ní Ìkọ̀kọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Olùpèsè, Ẹni tí ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ kí àwọn ọmọ ènìyàn má baà máa rẹ́ ara wọn jẹ. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àríyànjiyàn kan ti gbilẹ̀ láàárín wa ní Ìpakodò, láti èbúté ọkọ̀ ojú omi títí dé Sábó ní Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé tí ń ta ìrẹsì, adìyẹ dídín àti míìtì-páì. Àwọn kan ń bèèrè pé: ilé-iṣẹ́ tí ń jèrè, tí ń ṣí ẹ̀ka tuntun káàkiri, ẹ̀tọ́ wo ni ó ní láti tún fi owó lé oúnjẹ rẹ̀? Wọ́n ní kí ìjọba dá iye tí yóò máa tà á lé e lọ́wọ́. Àwọn ìhà kejì dá wọn lóhùn pé ọlọ́jà ló ni ọjà rẹ̀, ohun tí ó bá wù ú ni kí ó fi ṣe, kí ẹni tí kò bá lè rà á gba ilé rẹ̀ lọ.

Ìhà méjèèjì ni ó ṣìnà, òfin Ìsìláàmù kò sì fara mọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Kí ọlọ́jà fi owó lé ọjà rẹ̀ ní gbangba kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí ń jèrè. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ó fi iye owó sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó sì bu oúnjẹ kù láìsọ fún ẹni tí ń rà á.

Òjò Tí Ó Rọ̀ sí Gbogbo Wa

Ilé oúnjẹ irú èyí kì í ṣe ohun àná. Ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ UAC dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní Èkó. Tantalizers tẹ̀lé e ní 1997. Chicken Republic dé ní 2004. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi ìgbafẹ́ àwọn tí ó rí jájẹ ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá mú lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìtùnu Àwẹ̀ yóò ròyìn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lónìí, òṣìṣẹ́ tí ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀ ní Odógunyàn, akẹ́kọ̀ọ́, àti awakọ̀ tírélà tí ń dúró de ẹrù, gbogbo wọn ní ń jẹun níbẹ̀. Owó oúnjẹ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan mọ́.

Kí ni ó wá gbé owó náà sókè? Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bí 185 náírà lítà kan di 488 ní Èkó. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000 náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà ni wọ́n tú okùn náírà. Dọ́là tí kò ju nǹkan bí 470 náírà lọ ní ọjà ìjọba kọjá 1,400 ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè wa sì kéde pé, ní oṣù kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ.

Adìyẹ ń jẹ àgbàdo, àgbàdo ń wọ ọkọ̀, ọkọ̀ ń mu epo, ẹ̀rọ tí ń mú ẹran dì ní ilé oúnjẹ náà sì ń mu epo nígbà tí kò bá sí iná ìjọba. Ní Ìmọ́ta, tí kò jìnnà sí wa, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè gún ìrẹsì tí a kò gbìn. Ìrẹsì eléèpo ń gun ọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, owó ọkọ̀ náà yóò sì wà nínú àwo ìrẹsì dandan. Ẹni tí ó bá ní kí ilé oúnjẹ máa ta àwo kan ní iye ti ọdún 2022, kí ó sọ ẹni tí yóò ru ìyókù ẹrù náà: ṣé àgbẹ̀ ni, ṣé awakọ̀ ni, àbí ọmọbìnrin tí ń gbálẹ̀ ilé oúnjẹ náà?

Èrè Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Wọn yóò ní, “Ṣebí wọ́n ń jèrè?” Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan nínú wọn ń jèrè. Nígbà wo ni èrè di hárámù? Nínú ẹ̀gbàwá Bùhárì, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún Sàhábà kan tí ń jẹ́ Urwa al-Bāriqī ní dínárì kan kí ó fi ra àgùntàn wá. Urwa fi dínárì kan náà ra àgùntàn méjì, ó ta ọ̀kan ní dínárì kan, ó sì mú àgùntàn kan pẹ̀lú dínárì padà wá. Àgùntàn tí ó ra ní ìdajì dínárì ni ó tà ní odidi dínárì. Ànábì kò pè é ní olè, àdúà ìbùkún ni ó ṣe fún òwò rẹ̀. Bí a bá sọ pé ẹni tí ó jèrè lánàá kò gbọdọ̀ fi owó lé ọjà lónìí, a ti sọ pé kí ó dúró dìgbà tí gbèsè bá wó o mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá sì wó, àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ padà sílé.

Ní ti pé kí ìjọba dá iye owó lé ọlọ́jà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Anas ọmọ Mālik gbà á wá pé ọjà gbówó lórí ní Mẹ̀dínà, àwọn ènìyàn sì bẹ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé kí ó dá iye kan sílẹ̀. Kò gbà. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́hun ni Ẹni tí ń fún ni tí ó sì ń mú dání, àti pé òun kò fẹ́ pàdé Rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni máa béèrè lọ́wọ́ òun nípa ẹ̀jẹ̀ tàbí dúkìá.

Àwa náà sì ti rí ti wa. Ní ọdún 1984, nígbà ìjọba ológun Buhari, àwọn sójà wọ ọjà, wọ́n já ilé ẹrù, wọ́n sì ń fi ipá ta ọjà ní iye tí ìjọba fẹ́. Inú ará ìlú dùn fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọjà fara pamọ́, tí àwọn ènìyàn sì ń tò lọ rẹrẹẹrẹ nítorí mílíìkì àti ìrẹsì. Owó pọ́ọ́kú lórí ọjà tí kò sí, àǹfààní kí ni ó ṣe?

Kódà, ìtàn kan wà nínú Muwatta ti Imáàmù Málíkì tí ó yẹ kí ó pa ẹnu gbogbo wa mọ́. Sayyidinā Umar kọjá lọ́dọ̀ Hātib ọmọ Abī Balta'a tí ń ta àjàrà gbígbẹ lọ́jà. Òpọ̀ ni Hātib ń tà á. Umar sọ fún un pé yálà kí ó fi owó lé e tàbí kí ó kó o kúrò ní ọjà wọn. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn, nígbà tí Umar délé tí ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, ó lọ bá Hātib, ó ní ohun tí òun sọ kì í ṣe àṣẹ, kì í sì í ṣe ìdájọ́. Ire ará ìlú ni òun ń wá, kí ó máa tà á bí ó ti wù ú. Bí olórí àwọn mùmíní kò bá lè fi àṣẹ sọ iye àjàrà Hātib, ta ni àwa tí a fẹ́ sọ iye itan adìyẹ?

Ibi Tí Ìwà Ìbàjẹ́ Wà Gan-an

Ṣùgbọ́n kí ìhà kejì má tíì pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá wu ọlọ́jà ni ó tọ́ kí ó ṣe. Ibn Taymiyya, nínú ìwé rẹ̀ lórí àbójútó ọjà, fi yé wa pé bí àwọn ọlọ́jà bá di ohun tí ará ìlú kò lè ṣe aláìní mú, tí wọn kò sì fẹ́ tà á àyàfi ní iye ìnilára, ìjọba lè fi dandan mú wọn tà á ní iye tí irú rẹ̀ ń lọ. Ilé oúnjẹ ìgbàlódé kò tíì dé ibẹ̀, nítorí kì í ṣe kànga kan ṣoṣo tí ìlú ń pọn: bí adìyẹ rẹ̀ bá wọ́n, ìyá olóúnjẹ wà ní òdìkejì títì pẹ̀lú ẹ̀bà àti ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí a óò ti jẹun kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń rà.

Ẹ rántí hádíìsì òkìtì oúnjẹ, èyí tí Muslim gbà wá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọjá lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń ta oúnjẹ, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ọ̀rinrin sì kan án ní ìka. Ó béèrè ohun tí ó fà á. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó rọ̀ sí i. Ànábì kò bá a jà nítorí òjò, nítorí kì í ṣe ọkùnrin náà ni ó rọ̀ ọ́. Ohun tí ó bi í ni pé èéṣe tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Ó sì kéde pé ẹni tí ó bá rẹ́ni jẹ kò sí nínú wa.

Ẹ̀yin ará, owó epo ni òjò tiwa, náírà tí ó ṣubú ni òjò tiwa. Ilé oúnjẹ kò rọ òjò náà, a kò sì ní í bá a jà nítorí rẹ̀. Ẹjọ́ tí a ní ni pé kí ó gbé èyí tí ó tutù sókè. Bí àwo ìrẹsì bá ti kúrò ní iye àná, kí ó kọ iye tuntun sára pátákó kí gbogbo ojú rí i. Ṣùgbọ́n kí míìtì-páì wà ní iye kan náà, kí ẹran inú rẹ̀ di ànàmọ́; kí adìyẹ máa jẹ́ orúkọ kan náà, kí ó kéré tó ẹyẹlé; kí ṣíbí ìrẹsì dín ní ọ̀kan láìsí ìkéde: fífi ọ̀rinrin pamọ́ sí ìsàlẹ̀ òkìtì nìyẹn. N kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹni tí ń ṣe é mọ ara rẹ̀.

Àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá ti rí òótọ́ yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, òfin mú un ní dandan pé kí àwọn ilé-ìtajà ńlá lẹ ìwé síwájú ọjà tí wọ́n bù kù tí owó rẹ̀ kò dínkù, kí ẹni tí ń rà á lè mọ̀. Òfin náà kò sọ iye tí kí wọ́n tà á. Ó kàn ní kí wọ́n má fi pamọ́ ni.

Kóńgò Tiwa Ńkọ́?

Ó rọrùn láti sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn kan nínú wa tí wọ́n wà ní sàfù iwájú lọ́jọ́ Jímọ̀ ń wọn gàrí àti ẹ̀wà pẹ̀lú kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lù nídìí títí tí ó fi yọ sínú. Wọ́n mú kóńgò gidi lọ rajà lóko, wọ́n sì fi èyí tí ó yọ nídìí tà á fún opó àti ọmọ òrukàn. Ìwà yìí gan-an ni Sùúrà kẹtàlélọ́gọ́rin inú Àlùkùránì fi ìparun bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ó sì wà lára ohun tí Ọlọ́hun fi rán Ànábì Shu'ayb sí àwọn ará Madyan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi hádíìsì bá ilé oúnjẹ jà, kí ó kọ́kọ́ yí kóńgò ilé rẹ̀ dojú dé, kí ó wo ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tí ó ni ilé oúnjẹ. Bí ẹ bá fi owó lé e, tí ẹ sì ní owó òṣìṣẹ́ ni ó fà á, kí òṣìṣẹ́ rí i. Òfin oṣù keje ọdún 2024 gbé owó oṣù tí ó kéré jù ní Nàìjíríà láti 30,000 sí 70,000 náírà. Ní California ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ní kí òṣìṣẹ́ àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá irú èyí má gbà dín ní dọ́là 20 ní wákàtí kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ fi owó lé oúnjẹ, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba. Ìsìláàmù ní kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tí ó fi orúkọ òṣìṣẹ́ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, tí ó sì kó o sápò, ẹni méjì ni ó rẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, kí ilé oúnjẹ kọ iye owó àti ìwọ̀n ẹran sára pátákó, kí ó sì kéde bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá yí padà. Kí oníbàárà la ojú, kí ó béèrè, kí ó sì kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti gbèjà oníbàárà, bí wọ́n bá tàn án jẹ. Bí owó bá sì ju agbára rẹ̀ lọ, kí ó jẹun níbòmíràn láìsí èpè. Kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan sì ra òṣùwọ̀n kan àti kóńgò tí ó pé, kí ó gbé wọn síbi tí ọlọ́jà àti oníbàárà ti lè wá yẹ tiwọn wò, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwa tí a wà ní sàfù iwájú.

Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì rọ̀ wá lọ́rùn, kí Ó sì gbà wá lọ́wọ́ òṣùwọ̀n tí kò pé. Àmín.