Maya Bay: Ká Lọ, àbí Ká Má Lọ?

Kò sí ẹni tó kọ́lé sí Ko Phi Phi Leh. Erékùṣù kékeré ni lójú òkun Andaman, ní gúúsù Thailand, àpáta gàgàrà ló sì yí i ká. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń gun ihò àpáta rẹ̀ láti ká ìtẹ́ ẹyẹ kan tó jọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀, tí àwọn ará Ṣáínà fi ń se ọbẹ̀ olówó gọbọi, ni wọ́n sábà máa ń débẹ̀. Fíìmù The Beach, tí Leonardo DiCaprio kópa nínú rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2000, ló sọ Maya Bay, etíkun tó wà láàárín àwọn àpáta náà, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn tó ya fíìmù náà tún yanrìn ibẹ̀ tò, wọ́n gbin igi àgbọn sí i, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ.

Nígbà tó yá, èèyàn tó ń débẹ̀ lóòjọ́ ń tó 5,000. Àwọn tó ní ká fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀rí tó hàn sójú. Iyùn inú òkun kì í ṣe òkúta lásán, ohun ẹlẹ́mìí ni, òmíràn kì í sì í ga ju ìwọ̀n ìka díẹ̀ lọ láàárín ọdún bíi mélòó kan. Bí ìdákọ̀ró ọkọ̀ tó ń gbé àlejò wá bá já lé e lórí, ohun tó fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà. Lóṣù kẹfà ọdún 2018, ìjọba ti ibẹ̀ pa. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó sì lé ní ọdún mẹ́ta. Wọ́n gbin iyùn, ẹja àkurákùdà tí ṣóńṣó lẹbẹ rẹ̀ dúdú sì padà sí omi etíkun náà. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó sì ṣòro fún mi láti bá ẹni tó bá ní kí wọ́n tì í títí ayé jiyàn.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń gbé ní Phi Phi Don, erékùṣù tó wà nítòsí. Omi òkun tó ru ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004 gbá ilé wọn lọ, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Owó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi gbé ara wọn dìde. Atukọ̀ tó yáwó ra ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sọ fún pé oṣù mẹ́rin péré ni, kí ni yóò sọ fún ẹni tó jẹ lówó? Èyí ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn olólùfẹ́ òkun kì í sì í fẹ́ dúró gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn kòrónà dá àlejò dúró fún apá kan nínú àkókò tí wọ́n fi ti etíkun náà pa, nítorí náà a kò lè ka gbogbo ìsinmi tí òkun rí sí ti òfin nìkan.

Wọ́n tún ṣí Maya Bay lóṣù kìíní ọdún 2022. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ iwájú etíkun mọ́: ẹ̀yìn, ní Loh Samah, ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, tí àlejò á fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Ìwẹ̀ inú òkun ti di èèwọ̀, wọ́n sì máa ń tì í lóṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún. Ẹni tó na owó ńlá wá láti òkèèrè, tí kò lè ju orúnkún lọ nínú omi, lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn. Síbẹ̀ inú omi tí kò jìn yẹn ni ọmọ àkurákùdà ń dàgbà sí, mo sì fara mọ́ èèwọ̀ náà. Mo tún fẹ́ràn pé oṣù méjì náà ti wà lákọsílẹ̀ ṣáájú, tí atukọ̀ lè fi ṣètò owó rẹ̀.

Iye èèyàn ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn 375 ni wọ́n fàyè gbà láàárín wákàtí kan, ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ ṣe ìṣirò á rí i pé kò jìnnà sí 5,000 ti àtijọ́. Ohun tó yí padà gan-an ni ọkọ̀ àti ìdákọ̀ró. Bí iyùn bá ń hù síwájú lábẹ́ ètò yìí, a jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń ṣe é ní jàǹbá ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Bí kò bá hù, kí wọ́n dín iye náà kù, kí wọ́n sì sọ fún àwọn atukọ̀ ní ọdún kan ṣáájú.