Ọkọ̀ Tí Orúkọ Rẹ Kò Sí Lórí Ìwé Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, àti ẹ̀yin awakọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rùn, Emùré, Ìgbàrà-Odò, Ìlawẹ̀ àti gbogbo apá gúúsù Èkìtì, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní páátíkúlà. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí ó fara balẹ̀ kà á tán ná.

Rélùwéè kò dé Èkìtì rí. Kòkó tó ń jáde láti oko Ìsẹ̀ àti Emùré, iṣu, gbágùúdá, pákó, àti ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Adó tàbí Àkúrẹ́, orí táyà ni gbogbo wọn ń bá lọ. Òṣìṣẹ́ tí owó àjọ tàbí owó ìfẹ̀yìntì bá tẹ̀ lọ́wọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń rò láti rà ni ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, tàbí bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Ọkọ̀ ni báńkì wa, ọkọ̀ ni oko wa. Bí ìwé oko bá wà lórúkọ ẹlòmíì, ta ni a ó sọ pé ó ni oko náà?

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ ṣe dé ibi tó dé yìí. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, Àkúrẹ́ ni olú ìlú wa, OD sì ni lẹ́tà tó wà lára nọ́ńbà wa. Ní 1988, ìjọba ológun dá Road Safety sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1992, wọ́n mú nọ́ńbà oríṣi kan ṣoṣo wá fún gbogbo Nàìjíríà, èyí tó ní lẹ́tà méjì, òǹkà mẹ́ta, àti lẹ́tà mẹ́ta tó ń tọ́ka sí ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì dá dúró ní October 1, 1996, Adó-Èkìtì ni àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí fún ìwé ọkọ̀. Ní 2011, Road Safety tún yí nọ́ńbà padà, wọ́n sì ya àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà sí i.

Ariwo pọ̀ lórí nọ́ńbà ti 2011 yẹn. Wọ́n ní kí olúkúlùkù pààrọ̀ ti àtijọ́, wọ́n dá ọjọ́, wọ́n sún ọjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un. Agbẹjọ́rò kan gbé wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Ní March 26, 2014, Adájọ́ James Tsoho dá ẹjọ́ pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi tipátipá gbé nọ́ńbà tuntun lé àwọn ọlọ́kọ̀ lórí. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, ó ní òfin fún Road Safety lágbára láti ṣe nọ́ńbà ọkọ̀. Ní July 2024 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọlọ́pàá kéde ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n pè ní e-CMR, pẹ̀lú owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Aráàlú pariwo káàkiri, nígbà tí ó sì di August ọdún náà, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ní kí wọ́n dá a dúró ná.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní ni pé òfin fún ìjọba lágbára lórí nọ́ńbà, nítorí náà ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ẹ lè máa gun ọkọ̀ láìní nọ́ńbà ń tàn yín jẹ. Èkejì ni pé bí ohùn bá pọ̀ tó sì jẹ́ ọ̀kan, ìjọba a máa gbọ́. Ẹnì kan tó ń kígbe lójú títì, aláriwo ni wọ́n ń pè é. Bí ẹgbẹ́ bá sọ̀rọ̀, wọn á bi í pé kí ni ó ń fẹ́.

Wàyí o, ta ló ń fúnni ní kí ni? Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rẹ́ wa jẹ. Road Safety ló ń ṣe nọ́ńbà. Ilé iṣẹ́ tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Èkìtì ló ń tà á fún ọlọ́kọ̀, òun náà ló sì ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Àwọn V.I.O. ló ń yẹ ọkọ̀ wò, tí wọ́n ń wo nọ́ńbà ṣáàsì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, iná àti táyà, kí wọ́n tó fúnni ní ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó ń gbérò gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ akérò pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ló ń ta ìnṣọ́ránsì. Ti láísẹ́ǹsì awakọ̀, ọwọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: V.I.O. á dán awakọ̀ wò, ìpínlẹ̀ á gbowó, Road Safety á ya fọ́tò, wọn á sì tẹ káàdì jáde. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè kó gbogbo ìwé wọ̀nyí jáde láti inú àpò rẹ̀ lábẹ́ igi.

Àmọ́ abẹ́ igi náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ. Ẹnì kan á dúró nítòsí ọ́fíìsì, á ní, "Ẹ gbé e wá, ẹ̀gbọ́n, n ó bá yín ṣe é kíá." Òṣìṣẹ́ tó gba àyè wákàtí méjì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ dúró, á kówó lé e lọ́wọ́. Ìwé á jáde lóòótọ́, páálí rẹ̀ á sì máa dán. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Adó, tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sínú ẹ̀rọ, ọkọ̀ mìíràn ni ẹ̀rọ á dárúkọ. Ta ni wọn á mú? Ẹni tó jókòó sídìí sítíárì ni. Ẹni abẹ́ igi ti lọ síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ Road Safety ní ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn lè tẹ nọ́ńbà sí kó rí irú ọkọ̀ tí a fi í sí lára. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ní fóònù lè bá yín wò ó kí ẹ tó san owó ọkọ̀ tòkunbọ̀ tàbí ọkọ̀ àlòkù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ tó gba ọkọ̀ ní háyà-pọ́ọ̀ṣéèsì, ìyẹn kí ènìyàn máa fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ kó sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi di tirẹ̀. Awakọ̀ á ṣiṣẹ́ lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, ọdún méjì á kọjá, owó á tán. Ṣùgbọ́n orúkọ olówó ọkọ̀ ló ṣì wà lórí gbogbo ìwé, nítorí ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣàdéhùn. Bí olówó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á dé láti ìdálẹ̀, wọn á ní, "Ọkọ̀ bàbá wa nìyí." Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Lójú òfin, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni wọn á kọ́kọ́ pè ní olówó.

Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Òfin Háyà-Pọ́ọ̀ṣéèsì ti 1965 ni. Ó kan ọkọ̀, iye yòówù kí ọkọ̀ náà jẹ́. Ó ní àdéhùn gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ kí a sì fọwọ́ sí i. Ó ní bí awakọ̀ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, olówó kò lè ṣàdédé gbà á padà láìlọ sílé ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi òǹkà sọ ọ́: bí ọkọ̀ bá jẹ́ 3,000,000 náírà, tí ẹ sì ti san 1,800,000, olówó kò tún láṣẹ láti rán àwọn ọmọ gáréèjì wá já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ ní ìsan mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ó lè gbé ọkọ̀ lọ pa mọ́ kó má baà bàjẹ́, títí ilé ẹjọ́ á fi dá sí i. Bí ó bá fagídí gbà á láìtọ́, àdéhùn ti tú nìyẹn, awakọ̀ sì lè béèrè gbogbo owó tó ti san. Òfin yìí ń gbèjà wa, ṣùgbọ́n kò lè gbèjà ẹni tí kò ní rìsíìtì kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Bákan náà ni ti ẹni tó ra ọkọ̀ àlòkù, tí kò yí orúkọ padà. Bí ẹni tó tà á bá ti fi ọkọ̀ náà jẹ gbèsè tàbí da ọ̀ràn kan sílẹ̀, ẹni tó ń wà á lónìí ni wọn á kọ́kọ́ bi. Bí olè bá sì gbé e, kí ni onítọ̀hún fẹ́ fi hàn ní tẹ́ṣàn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ilé ṣe kabúkabú lẹ́yìn ṣíìfù, ẹ gbọ́ tiyín. Lẹ́tà búlúù ni ti ọkọ̀ ilé, lẹ́tà pupa ni ti ọkọ̀ akérò. A mọ̀ pé owó oṣù kò tó jẹun, a kò sì bá yín jà. Ṣùgbọ́n ìnṣọ́ránsì tí ẹ rà fún ọkọ̀ ilé kò mọ èrò mẹ́rin tí ẹ gbé láti Ìsẹ̀. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀, gbèsè ìtọ́jú wọn á sì bọ́ sọ́rùn yín.

Lórí ìnṣọ́ránsì náà, láti January 1, 2023 ni ìjọba ti sọ ti ọkọ̀ ilé di 15,000 náírà láti 5,000 tó wà tẹ́lẹ̀. Owó tí ilé iṣẹ́ lè san fún dúkìá ẹlòmíì tí ọkọ̀ náà bá bà jẹ́ sì di 3,000,000 náírà. Ní February 1, 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lójú ọ̀nà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹ má ṣe rà á nítorí ọlọ́pàá nìkan. Ẹ rà á nítorí ìyá arúgbó tí ọkọ̀ yín lè kọlù. Ẹ sì rí i dájú pé ojúlówó ni, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ní àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NIID, níbi tí a ti lè yẹ ìwé náà wò kí a tó kúrò níwájú ẹni tó tà á.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: "Kí ni ìjọba fi owó wa ṣe? Ṣé ẹ kò rí ọ̀nà ni?" Ìbéèrè gidi ni, àwa náà ń bi í. Ṣùgbọ́n owó tí a fún ẹni abẹ́ igi kò wọ àpò ìjọba, a kò sì lè bi ìjọba nípa rẹ̀. Ẹni tó ní rìsíìtì ọwọ́ ló lè dúró gbọn-in kó sọ pé, "Mo ti san tèmi, títì mi dà?"

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nìyí:

1. Kí wọ́n lẹ iye owó ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri gbogbo ọ́fíìsì, ní èdè Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni gbogbo lè kà á.

2. Kí wọ́n ya ọjọ́ sọ́tọ̀ tí òṣìṣẹ́ wọn á máa wá sí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, kí òṣìṣẹ́ má baà pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan nítorí ìwé kan.

3. Kí wọ́n ṣe yíyí orúkọ padà ní ìrọ̀rùn fún awakọ̀ tó bá san owó háyà-pọ́ọ̀ṣéèsì tán, tó sì ní ìwé ẹ̀rí.

4. Kí wọ́n kó àwọn tó ń ta ayédèrú kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n tó máa wá wa lójú títì.

Ohun tí a sì ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ nìyí. Ẹ lọ gbé páátíkúlà yín jáde lálẹ́ òní, kí ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò tán. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọkọ̀ ní háyà-pọ́ọ̀ṣéèsì, kí ó mú àdéhùn wá fún aṣojú òṣìṣẹ́ rẹ̀ kà kí ó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ó gba rìsíìtì fún ìsan kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kó wọn pa mọ́ sí ibi tí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀. Bí Road Safety bá kọ owó ìtanràn fún yín, báńkì ni ẹ ó ti san án, ẹ má ṣe fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé kà, ẹ má tijú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìdí tí a fi ní ẹgbẹ́ nìyẹn.

Òógùn ojú wa ni a fi ra àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí orúkọ wa wà lára ohun tí òógùn wa rà. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.