Ibojì Ni Ábúráhámù Rà

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn Kristẹni láti Lekki dé Ajah, tí etí kò fi sinmi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó wí kò ju báyìí lọ: pé ìgbésí ayé àwọn ẹni inú Bíbélì dà bí ìwé gbèsè tí onígbàgbọ́ lè gbé lọ bá Ọlọ́run láti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti pé, níwọ̀n bí Ábúráhámù ti jẹ́ ọlọ́rọ̀, ilẹ̀ àti ilé ni a fi ń mọ ọmọ Ábúráhámù tòótọ́. Wọ́n ń wí i níbi ìyàsímímọ́ ilé, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe àìsùn ní òru ọjọ́ Ẹtì, débi pé ẹni tí ó ń gbé yàrá kan ní Langbasa tàbí Badore ti ń rò pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí òun kò tíì jẹ́wọ́. Bí èyí bá jẹ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ ọmọ tí ó ka ojú ewé kìíní tí ó sì pa ìwé dé ni.

Àwọn ẹlẹ́rìí kéékèèké tí wọ́n máa ń pè kò gba ìjà púpọ̀. Jósẹ́fù dé ààfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ìyàn má baà pa ẹlòmíràn ni ó ṣe débẹ̀. Gòláyátì tí Dáfídì pa kì í ṣe ìyá ọkọ ẹnikẹ́ni. Jábésì, tí wọ́n ń torí àdúrà rẹ̀ gbààwẹ̀, kò ní ju ẹsẹ 2 lọ nínú gbogbo Bíbélì.

Ọ̀rọ̀ Ábúráhámù ni ó gba sùúrù. Odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá láti 1884, láyé Àjàyí Crowther, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò fi èdè ṣe àwáwí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Ábúráhámù ṣe ní ẹran ọ̀sìn púpọ̀, kí ó ka Gẹ́nẹ́sísì orí 12: ìyàn lé e dé Íjíbítì, ó pe aya rẹ̀ ní arábìnrin rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, Fáráò mú obìnrin náà lọ sí ààfin, ó sì torí rẹ̀ fún ọkùnrin náà ní àgùntàn, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ràkúnmí àti ìránṣẹ́. Ṣé ọ̀nà yìí náà ni kí àwọn ọmọ ìjọ tọ̀? Ní orí 14, nígbà tí ọba Sódómù fẹ́ fún un ní ẹrù ogun, ó kọ̀ ọ́ títí kan fọ́nrán òwú àti okùn bàtà, kí ọba náà má baà sọ pé òun ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀.

Láàrin orí méjèèjì yìí ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn darandaran rẹ̀ àti ti Lọ́ọ̀tì, ọmọ arákùnrin rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́. Ábúráhámù, tí í ṣe àgbà, ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ yàn. Lọ́ọ̀tì gbójú sókè, ó rí i pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì lómi dáadáa (omi kò wọ́n ní Lekki náà nígbà òjò), ó sì mú un. Ẹni tí ó yan ilẹ̀ olówó iyebíye nínú ìtàn yìí, Lọ́ọ̀tì ni; inú ihò àpáta ni òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì sì bá ara wọn ní orí 19. Bí àwọn tí ń du ilẹ̀ etí òkun bá fẹ́ jẹ́ orúkọ baba, kí wọ́n jẹ́ orúkọ baba tí wọ́n jọ.

Orí 23 ni ó yẹ kí wọ́n máa kà níbi ìyàsímímọ́ ilé, òun gan-an ni wọn kì í sì í kà. Ó ti lé ní 60 ọdún tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ilẹ̀ Kénáánì nígbà tí Sárà kú ní ẹni ọdún 127, ọkọ rẹ̀ kò sì ní ibi tí yóò sin ín sí. Ó dìde níwájú àwọn ará Hítì, ó jẹ́wọ́ pé àlejò àti àtìpó ni òun, àtìpó sì ni ẹni tí ń gbé orí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò sì díbọ́n pé tirẹ̀ ni. Éfúrónì fi ilẹ̀ lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ iye rẹ̀, kò ná an, ó wọn ṣékélì fàdákà 400 (ṣékélì ni òṣùwọ̀n owó ìgbà náà) ní ẹnubodè ìlú, lójú gbogbo ènìyàn, ìwé náà sì ka oko, ihò àti igi ààlà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí iṣẹ́ awọnlẹ̀. Kò sí ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ ìdílé tí ó ni ilẹ̀, tí ó gba owó ìpìlẹ̀ lónìí tí ó sì padà wá gba owó òrùlé lọ́la. Kò sí ilẹ̀ kan tí a tà fún ẹni mẹ́ta. Ní àdúgbò tí wọ́n ti ń fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé náà kì í ṣe títà, ṣé kò yẹ kí ìwàásù dúró lórí èyí?

Kí sì ni ó rà? Ibojì! Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 7 wí pé Ọlọ́run kò fún un ní ilẹ̀ ìní tí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìwé Hébérù ní inú àgọ́ ni ó gbé. Ẹni tí ó sì ń fi C of O yangàn, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, kí ó rántí pé Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àti pé ọdún 99 ni ìwé náà sábà máa ń fúnni. Àtìpó ni òun náà. Ábúráhámù kàn mọ̀ ni, òun kò mọ̀.

Àìmọ̀ yìí ì bá pani lẹ́rìn-ín bí kò bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ti gbé orí ilẹ̀ náà rí. Ní oṣù Agẹmọ 1990, lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ 7, ìjọba ológun Èkó lábẹ́ Raji Rasaki fi katakata wó Maroko ní ẹnu ọ̀nà Lekki, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Ní 2016 àti 2017, wọ́n lé àwọn apẹja Ẹ̀gùn kúrò ní Otodo Gbame, ní Lekki kan náà. Bí ẹni tí ó kọ́lé sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá dìde nínú ìjọ láti jẹ́rìí pé Ọlọ́run Ábúráhámù ni ó fún òun, ó yẹ kí ẹnìkan bi í bóyá ọmọ Ábúráhámù ni tàbí ọmọ Áhábù, ọba tí ó gba ọgbà àjàrà Nábótì lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ olóko náà lókùúta pa.

Ìbùkún Ábúráhámù náà kò fara sin. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ fún àwọn ará Gálátíà ní orí 3 pé ìlérí Ẹ̀mí ni, tí à ń fi ìgbàgbọ́ gbà. Kò mẹ́nu ba púlọ́ọ̀tì kankan. Bí ó ṣe yẹ kí a ka ìgbésí ayé àwọn ẹni wọ̀nyí kò lọ́jú pọ̀: kí a kà á dé òpin, kí a wo ohun tí wọ́n kọ̀ àti ohun tí wọ́n san, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní owó ilẹ̀, kí ó san án pé lójú ẹlẹ́rìí. Ẹni tí kò ní, kí ó má gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ẹni ọdún 175 ni Ábúráhámù nígbà tí ó kú. Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì sin ín sí Mákípélà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sárà, nínú ilẹ̀ tí ó san owó rẹ̀ pé, kò sì sí ẹni tí ó wá sọ níbi ìsìnkú náà pé òun ni wọ́n lé kúrò níbẹ̀.