Fọ́tò Ọkọ̀ nínú Géèmù Eré-Ìje

Ní ìparí ọdún 2004 ni àwọn ará Japan gbé géèmù eré-ìje ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Gran Turismo 4. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń fi irú géèmù bẹ́ẹ̀ ṣeré ti ní iṣẹ́ kejì lẹ́yìn eré sísá. Wọ́n lè dá ọkọ̀ dúró lójijì, kí wọ́n gbé kámẹ́rà tí ojú kò rí yí i ká, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ bí ó ti wù wọ́n. Lónìí, ó ṣòro láti rí géèmù ọkọ̀ ńlá kan tí kò ní irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tí ń ti inú wọn jáde pọ̀ bí eṣú, ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn lè fẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì nínú wọn kò tó nǹkan.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn tí wọ́n ṣe géèmù náà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀ fún ayàwòrán. Ọkọ̀ kò ní ẹrẹ̀ lára, ọ̀dà rẹ̀ kò bó, kò sì sí olówó ọkọ̀ tí yóò lé ènìyàn kúrò nídìí rẹ̀. Bí Ferrari kan ti ń dán lójú ọmọ tí ó wà ní Tokyo ni ó ń dán lójú ọmọ tí ó wà ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ẹwà ọkọ̀ ti di ti gbogbo ayé, ohun méjì péré ni ó kù tí ayàwòrán lè pè ní tirẹ̀: ibi tí ó dúró sí, àti ibi tí ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Àwọn méjèèjì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò náání. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa da àwọ̀ lé àwọ̀, wọ́n á sọ igun fọ́tò di dúdú kirikiri, wọ́n á fi kùrukùru bo ẹ̀yìn ọkọ̀ títí ènìyàn kò fi ní mọ̀ bóyá orí òkè ni ó wà tàbí inú ọjà. Àṣejù ni, ẹ̀tẹ́ ní í sì í gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ayàwòrán mọ̀ ni pé ara ọkọ̀ kò dà bí ara ògiri tàbí ara aṣọ. Jígí ni. Ọ̀dà tí ń dán kì í fi ara rẹ̀ hàn tó bí ó ti ń fi ohun tí ó dojú kọ hàn. Bí oòrùn bá wà ní àtàrí, òkè ọkọ̀ àti bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò funfun gbòò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ṣókùnkùn, gbogbo ibi tí àwọn tí wọ́n yàwòrán ọkọ̀ náà kí wọ́n tó rọ ọ́ ti tẹ irin kọdọrọ yóò sì kú sínú òkùnkùn náà. Ṣùgbọ́n kí oòrùn wá sún mọ́ ilẹ̀, kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sí ẹ̀yìn ọkọ̀ díẹ̀. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan yóò sáré láti ibi iná iwájú, yóò gba èjìká ọkọ̀ kọjá, yóò sì dé ibi iná ẹ̀yìn. Ìlà yẹn ni ó ń sọ ìrísí ọkọ̀ fún ojú. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà yóò tún pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ní, nítorí pé nígbà tí oòrùn bá lọ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ a sì ti fọ́n ká lọ́nà.

Ọkọ̀ dúdú ni ó ń dán ayàwòrán wò jù. Kò ní àwọ̀ tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Bí kò bá sí ohun funfun tí ó dojú kọ, kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ya ọkọ̀ nínú ilé iṣẹ́ fọ́tò fi ń ta aṣọ funfun ńlá sókè orí ọkọ̀, tí wọ́n á sì tan iná sí i. Ojú ọ̀run ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ọkọ̀ funfun ń fẹ́ òdìkejì èyí: igi dúdú tàbí ògiri tí òjìji bò ni kí ènìyàn wá fún un.

Nínú Forza Horizon 5, tí ó jáde ní ọdún 2021 tí ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àwòkọ Mẹ́síkò, ọjọ́ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú, òjò sì ń rọ̀. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè dúró de oòrùn níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti Gran Turismo 7 ti ọdún 2022. Nínú apá tí wọ́n pè ní Scapes, fọ́tò ibi gidi láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni wọ́n kó síbẹ̀, ó sì ju 2,000 lọ. Wọ́n sì fi ìmọ̀ nípa bí ìmọ́lẹ̀ ti rí níbẹ̀ sínú fọ́tò náà, kí ọkọ̀ tí ènìyàn bá gbé sí i lè gba ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ayàwòrán kò lè sọ fún oòrùn ibẹ̀ pé kí ó yí padà. Ọkọ̀ ni yóò yí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń gbé ọkọ̀ kalẹ̀ ni, wọn kò tilẹ̀ wo ibi tí òjìji àwọn igi àti òpó tí ó wà níbẹ̀ dà sí kí wọ́n tó pinnu ibi tí imú ọkọ̀ yóò kọ sí.

Ní ti ìdúró, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà kan wà tí kò dé ọjà rárá. Kí òpó iná má ṣe hù jáde láti orí ọkọ̀. Kí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé má ṣe gé ọkọ̀ lọ́rùn. Bí ayàwòrán bá sún mọ́ ọkọ̀ gbágbágbá pẹ̀lú awò fífẹ̀, bí ti mílímítà 24, iná iwájú kan yóò wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ìdí ọkọ̀ yóò sì súnkì. Àwọn kan fẹ́ràn èyí, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ dà bí ẹranko tí inú ń bí. Ó dára fún ọkọ̀ kan láàárín mẹ́wàá. Fún ìyókù, kí ayàwòrán fà sẹ́yìn, kí ó lo awò gígùn bí ti mílímítà 85 tàbí 135, kí ó sì rẹ kámẹ́rà sílẹ̀ dé ibi iná iwájú. Ọkọ̀ yóò jókòó bí ó ti jókòó lójú ẹni tí ó rọ ọ́.

Àwọn àgbàlagbà kan máa ń sọ pé gbogbo èyí kì í ṣe fọ́tò, nítorí pé kò sí oòrùn, kò sí ọkọ̀, kò sì sí kámẹ́rà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òfin ìmọ́lẹ̀ àti òfin awò tí a fi ṣírò àwòrán inú géèmù náà ni òfin tí kámẹ́rà gidi ń tẹ̀lé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò lè ra kámẹ́rà olówó ńlá fún lè kọ́ wọn níbẹ̀, kí ó ṣe àṣìṣe ìgbà ọgọ́rùn-ún láìná kọ́bọ̀ sí i, kí ó sì mú ojú tí ó ti là náà lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ tí ó bá yá kámẹ́rà gidi lọ́wọ́ ẹnìkan.

Eré sísá ni ó kù. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 180 ní wákàtí kan ń rin mítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá la ojú fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ọkọ̀ náà kò tíì rìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Táyà rẹ̀ yóò dúró gbagidi, ẹni tí ó bá wo fọ́tò náà yóò rò pé wọ́n páàkì rẹ̀ ni. Bí ó bá la ojú fún ìdá kan nínú àádọ́ta, ọkọ̀ yóò ti rin mítà kan. Nígbà náà, bí kámẹ́rà bá ń yí tẹ̀lé ọkọ̀, ọkọ̀ yóò hàn kedere, ilẹ̀ àti igi yóò sì fà bí ọ̀já.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Jacques Henri Lartigue, ṣe irú rẹ̀ níbi eré-ìje ọkọ̀ kan ní nǹkan bí ọdún 1912 tàbí 1913. Ó ń yí kámẹ́rà rẹ̀ tẹ̀lé ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú kámẹ́rà ìgbà náà ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí àwòrán ni. Nítorí náà táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ dà gẹ̀ẹ́ sí iwájú bí ẹyin, àwọn òǹwòran dà sí ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ náà kò sì sí nínú àwòrán. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó rí i tí kò ní gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1963, ilé àwòrán MoMA ní New York ṣe àfihàn àwọn fọ́tò Lartigue, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Táyà inú géèmù kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rébété ni ó ń yí ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ irú ariwo yẹn nínú fọ́tò tirẹ̀ yóò wá a síbòmíràn: sínú eruku tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń là kọjá, tàbí sínú omi òjò tí ń ta pàrà láti ẹ̀yìn táyà nígbà tí iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn bá mọ́lẹ̀ sí i.