Ẹ Má Ṣe Pè É Ní Ojo

Ẹ̀yin ọlọ́lá, láti ìgbà tí bàálù ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní pápá wa ní Adó, ní October 2022, ni àwa ti ń gbọ́ pé akọni ni awakọ̀ tí ó bá balẹ̀ nínú ọyẹ́, àti pé ojo ni èyí tí ó padà. Irọ́ gbáà ni!

Ìṣirò ni a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń sọ̀kalẹ̀: bí ó bá wà ní 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè pápá, bí ó bá ku 30 máìlì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Nínú kùrukùru, ẹ̀rọ ni yóò máa wò, títí dé gíga tí ìlànà pa láṣẹ. Bí kò bá rí ojú pápá níbẹ̀, kí ó tún gòkè lọ lẹ́sẹ̀kan náà.

Ní November 1969, bàálù Nigeria Airways sọ̀kalẹ̀ jù láìrí ilẹ̀. Ó kọlu igi kí ó tó dé Ìkẹjà, ènìyàn 87 sì kú. Ní December 2005, ti Sosoliso kọjá gíga náà ní Port Harcourt láìrí pápá. Ẹni 108 ni ó ṣègbé. 60 nínú wọn, ọmọ ilé-ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n.

Olóyè tí ó bá bínú nítorí pé awakọ̀ gbé e padà sí Èkó, ìpàdé wo ni ó ń sáré lọ ṣe?