Ìwọ̀ Nìkan Kọ́ Ní Í Pẹja

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbafẹ́ létí omi Èkó wí. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé ẹni tó bá ti ra ọ̀pá àti ìwọ̀ olówó ńlá ti di apẹja. Èrò yìí kò tọ̀nà. Mímọ omi ló ṣáájú.

Níbi tí ọ̀sà Èkó ti pàdé òkun, omi a máa kún, a sì máa fà, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó di àrànmọ́jú, agbára rẹ̀ a pọ̀ sí i. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a da omi tí kò níyọ̀ sínú ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a tún wọlé. Ẹja a sì máa bá omi rìn: ibi tó kún fún ẹja lóṣù Ṣẹẹrẹ lè ṣófo lóṣù Agẹmọ.

Àwọn apẹja Ìlàjẹ, Àwórì àti Ẹ̀gùn ló mọ èyí dunjú. Ẹnu ni baba fi ń kọ́ ọmọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì wọ inú ìwé. Nígbà tí wọ́n lé àwọn apẹja kúrò ní Otodo-Gbame ní ọdún 2016 àti 2017, kì í ṣe ilé nìkan ló wó.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ béèrè orúkọ ẹja, afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi lẹ́nu àwọn àgbà wọ̀nyí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ gbafẹ́ náà kọ́kọ́ kí onílé, kí ó tó ju ìwọ̀ sómi.